Ìdí Ọ̀dán Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbá

Ẹ̀rọ abọ́gbòǹgbò ní igi ti yó. Iná àwọ̀ ewé tàn lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì sọ ọ́ ketekete pé gbogbo gbòǹgbò ti jẹun. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ewé tó ṣẹ́kù lórí ọ̀dán ń já bọ́ lé e lórí.

Dókítà Ìbíwùmí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà, tẹ̀ ẹ́ pa, ó tún tàn án. Igi ti yó, ni ẹ̀rọ wí.

"Ṣé bí ẹni tó yó ṣe ń rí nìyí?" Ìyá Àwẹ̀ró bi í. Òun ni olórí àwọn tó ń gbá ìdí ọ̀dán. Ó gbá ewé tó bọ́ sórí bàtà Dókítà kúrò. "Gbé ẹsẹ̀, ọmọ mi."

Ìlú Àtidé nìyí, lórí Ilẹ̀ Pupa, ayé kejì tí àwọn ọmọ Yorùbá fi ọkọ̀ ojú sánmà ṣí lọ. Ìdérí dígí ló bo ìlú náà bí ẹni da igbá bo ọbẹ̀, nítorí atẹ́gùn ìta kò ṣeé mí. Iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, láti ilé ni wọ́n ti rù ú wá. Ìyá tó bí Ìyá Àwẹ̀ró ló gbé ẹ̀ka ọ̀dán náà wá, tó fi aṣọ tútù wé e, tó sì gbé e sórí itan títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Ó rì í mọ́lẹ̀, ó sì hù. Ìyá yẹn ti kú, ọ̀dán ti di arúgbó. Tí iná ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ oòrùn bá mú lọ́sàn-án, abẹ́ rẹ̀ ni ìlú ń sá sí: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà.

Baálẹ̀ Ọlátúbọ̀sún ti sọ tirẹ̀: tí ọ̀dán ò bá rúwé kí ọkọ̀ tó ń ti ilé wá lọ́dọọdún tó tún dé, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé àgbá omi síbẹ̀. Omi ò tó ìlú, kò sì yẹ kí igi tó ń kú lọ máa mu nínú rẹ̀.

Ìbíwùmí mú ọ̀pá irin, ó fẹ́ fi wo ibi tí oúnjẹ ẹ̀rọ ń gbà. Ó ti ọ̀pá bọ ilẹ̀, ọ̀pá tẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún le bí símẹ́ńtì. Oúnjẹ tí ẹ̀rọ ń fún igi, ojú ilẹ̀ ló ń gbà ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ohun tí ẹ̀rọ bá bù nìkan ló ń kà. Kò mọ ohun tí igi jẹ.

"Ìyá, ewé tí ẹ bá gbá, níbo lẹ ń kó o sí?"

"Ilé iná. Àbí inú yàrá mi ni kí n kó o sí?"

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti lè di ìgbálẹ̀ mú. Ìyá mi ní ibi tí a kò bá gbá, ejò á débẹ̀."

"Ejò wo ló wà nílẹ̀ Pupa?"

"Kò sí. O ò rí i pé gbígbá náà ń ṣiṣẹ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Ewé tó bá já bọ́ lára igi ni oúnjẹ igi náà. Ekòló àti olú ló ń bá a sè é, tí ó fi ń di ilẹ̀dú. Àwọn ará Àtidé ń gba oúnjẹ yìí lẹ́nu igi ní àràárọ̀, wọ́n ń dáná sun ún, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kì ilẹ̀ lọ́sàn-án. Oògùn inú oúnjẹ ẹ̀rọ tún wá ń pa ekòló.

Níwájú Baálẹ̀, Dókítà ní kí wọ́n má gbá ìdí ọ̀dán mọ́, Ìyá Àwẹ̀ró ò gbà.

"O ní ẹ̀rọ rẹ máa bọ́ ọ, ó bọ́ ọ, ó rù. Ìgbálẹ̀ mi ló wá jẹ̀bi. Ṣé kí n sọ ìdí igi ìyá mi di ààtàn ni?"

"Àwa méjèèjì la jẹ̀bi, Ìyá. Mo ti ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ mi palẹ̀."

Baálẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí àáké wọlé. Ẹ mú ọ̀kan."

Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí Dókítà. "Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ kó rúwé ná," ni Ìbíwùmí wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àwẹ̀ró fi ìgbálẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n kó àga kúrò nídìí ọ̀dán, wọ́n sọgbà yí i ká dé ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà dé. Wọ́n kó ewé jíjẹrà àti ekòló wá láti oko abẹ́ dígí, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, wọ́n ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀. Ìdí ọ̀dán rí wúruwùru. Àwọn aláyò lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iná, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń bú Dókítà. Nígbà tó yá, olú yọrí. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ ọdún tó dé, ọ̀dán rúwé. Baálẹ̀ lọ wá ibòmíràn fún àgbá omi rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àwẹ̀ró gbé àpótí ìjókòó àti ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu ọgbà.

"Dókítà, ó ti rúwé. Ṣílẹ̀kùn."

Ìbíwùmí ò ṣí i. "Ìyá, tí ẹsẹ̀ bá tún ń tẹ ibẹ̀, yóò le padà. Kí ilẹ̀dú yẹn tó nípọn dé ibi tó lè gba ẹsẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n báyìí á ti bímọ tiwọn."

"Kò ní í ṣojú mi nìyẹn."

"Kò ní í ṣojú yín."

"O sì mọ̀, lọ́jọ́ tí o ní kó rúwé ná."

"Mo mọ̀, Ìyá. Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa gbà?"

Ìyá Àwẹ̀ró wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìyá mi ní ibi tí a kò bá gbá, ejò á débẹ̀," ó wí. "Kò parọ́."

Ó gbé àpótí kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó jókòó sínú ooru. Òjìji ọ̀dán tẹ́ rẹrẹ nínú ọgbà lọ́hùn-ún, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ìlú fẹ́ ewé kan kọjá orí ọgbà, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ sókè. Ó tún gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣa ewé náà, ó sì jù ú padà sínú ọgbà.