Virgil Stroud Tí Kò Fẹ́ Dáhùn

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ ogun náà, kò sì sí ẹni tí Virgil Stroud kórìíra nínú wọn bí Lemuel Pruitt. Bí Pruitt bá jókòó sídìí tábìlì kan, Stroud á gbé àwo tirẹ̀ lọ sídìí òmíràn. Bí Pruitt bá kí i, á wò ó bí ẹni ń wo ìdọ̀tí.

Ọdún 1957 ni, lórí Òkun Mẹditaréníà. Irú ọkọ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò láti orí rẹ̀ ni, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn. Pápá tó wà lókè ọkọ̀ náà kúrú. Nítorí náà, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń balẹ̀, ìkọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ á há mọ́ okùn irin tí wọ́n nà sílẹ̀, okùn náà á sì dá a dúró kó tó já sínú omi.

Nísàlẹ̀ pápá yìí, nínú yàrá ẹ̀rọ tó gbóná bí ààrò, ni Stroud ti ń yí wíìlì tó ń sọ bí okùn náà yóò ṣe le tó. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó wúwo sì ní tirẹ̀. Pruitt ló ń dúró lókè, tó ń fi tẹlifóònù pe irú èyí tó ń bọ̀. Òfin ni pé kí ẹni ìsàlẹ̀ yí wíìlì, kó sì tún ìpè náà pè padà. Bí ẹni òkè kò bá gbọ́ ìdáhùn, kí ó tan iná pupa, kí awakọ̀ má balẹ̀.

Stroud kì í dáhùn. Á gbọ́, á yí wíìlì, á sì dákẹ́.

"Virgil, jọ̀ọ́, máa dá mi lóhùn," Pruitt bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan níbi oúnjẹ. "Ẹ̀mí ènìyàn ló wà lọ́wọ́ wa."

"Mo yí wíìlì ni àbí mi ò yí i?"

"O yí i."

"Kí lo wá ń fẹ́? Kí n kọrin lé e?" Stroud yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ wo àlùfáà wa o! Ó gbàdúrà lórí ẹ̀wà títí ẹ̀wà fi tutù. Ọ̀rẹ́, ẹ̀wà inú ọkọ̀ yìí ti kú tipẹ́, àdúrà rẹ ò lè jí i."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Pruitt rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, ìyẹn gan-an ló sì bí Stroud nínú jù.

Kí ni Pruitt ṣe fún un? Kò ṣe nǹkan kan. Ìlú àwọn awakùsà èédú ni wọ́n bí Stroud sí. Nígbà tí ilẹ̀ ya lu Harlan àbúrò rẹ̀ nínú kòtò, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá wọn fi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kòtò náà, tó ń ké pe Ọlọ́run. Òkú ni wọ́n gbé jáde. Láti ọjọ́ náà ni Stroud ti ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé, "Ẹni tí kò dá ìyá mi lóhùn, kí ló dé tí èmi yóò máa dá àwọn èèyàn rẹ̀ lóhùn?" Pruitt ní tirẹ̀ ń gbàdúrà ní gbangba. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó pẹ́, ó rẹ Pruitt láti máa bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdákẹ́ Stroud bí ìdáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ òfuurufú méje tó fúyẹ́ balẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀kẹjọ wúwo. Awakọ̀ tí ń jẹ́ Hollis Amberg ló wà nínú rẹ̀.

"Èyí tó wúwo!" Pruitt pariwo. "Stroud, èyí tó wúwo ló ń bọ̀!"

Stroud gbọ́. Ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Jẹ́ kó pariwo díẹ̀ ná. Jẹ́ kí àyà rẹ̀ já." Ó mu kọfí lẹ́ẹ̀kan. Ó tún mu ún lẹ́ẹ̀kejì.

Kó tó na ọwọ́ sí wíìlì, ẹ̀rọ bú ramúramù. Okùn irin sáré jáde títí dé òpin, ó sì já. Àwọn tó wà lókè dojú bolẹ̀ bí okùn tó já náà ṣe ń fò kọjá lórí wọn. Ọkọ̀ Amberg yọ̀ kọjá etí pápá, ó sì rì sínú òkun. Nígbà tí hẹlikọ́pítà yóò fi yọ awakọ̀ náà, ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

Ohun tí Stroud ṣe lẹ́yìn èyí ló burú jù. Kí ọ̀gá kankan tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yí wíìlì náà sí ìwọ̀n tó yẹ.

Ọ̀gá ọkọ̀ pe àwọn méjèèjì síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

"Pruitt, ṣé ó dá ọ lóhùn?"

"Rárá, sà. Kì í dáhùn. Ó yẹ kí n tan iná pupa, mi ò tàn án. Mo jẹ̀bi ìyẹn."

"Stroud ńkọ́?"

"Mo dáhùn, sà. Mo pariwo ẹ̀ dáadáa. Bóyá àdúrà ló ń gbà tí kò fi gbọ́."

Wíìlì jẹ́rìí fún Stroud, nítorí ìwọ̀n tó yẹ ni wọ́n bá lórí rẹ̀. Wọ́n já àmì ipò kúrò lápá Pruitt, wọ́n sì jù ú sí àtìmọ́lé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, láìsí oúnjẹ mìíràn bí kò ṣe búrẹ́dì àti omi, bí àṣà àwọn ológun ojú omi wọn.

Ó yẹ kí inú Stroud dùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kejì àtìmọ́lé náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pásítọ̀, oúnjẹ ńkọ́? Ṣé o ti gbàdúrà lé e?"

Pruitt gbójú sókè. "Virgil, ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi. Láti àná ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí n má kórìíra rẹ, kò sì rọrùn rárá. Lọ."

"Ẹ gbọ́ o! Onígbàgbọ́ náà ń bínú!"

"Mò ń bínú. Mo mọ̀ pé ìwọ lo yí wíìlì yẹn lẹ́yìn tí okùn já. Ìyà tèmi wà nínú búrẹ́dì yìí, ṣùgbọ́n tìrẹ ni èyí tó pọ̀ jù, èmi ni mo sì ń jẹ ẹ́." Ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹnìkan ti jẹ ìyà tó ju èyí lọ nítorí rẹ, Òun ò sì jẹ̀bi ohunkóhun. Mi ò mọ ìdí tí àbúrò rẹ fi kú. Ṣùgbọ́n Ẹni tí o ní kò dáhùn yẹn, ó ti ń pè ọ́ láti ọjọ́ náà. Ìwọ ni o ò dáhùn."

Stroud ṣépè fún un, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bó ti fi búrẹ́dì sẹ́nu, ó rántí búrẹ́dì Pruitt. Ó tu ú sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ẹlòmíràn ló ń pè láti òkè. "Èyí tó wúwo ló ń bọ̀!" Stroud yí wíìlì. Ó wò ó, ó tún un wò. Kò gbà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é dáadáa. Ọwọ́ tó ti purọ́ nìyẹn, ọwọ́ tó fọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn nítorí kọfí àti ìkórìíra. "Ẹ tan iná pupa!" ó kígbe. "Ẹ má jẹ́ kó balẹ̀! Ẹ wá ẹlòmíràn sídìí wíìlì yìí!"

Nígbà tí ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, ó ṣubú lórí eékún lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ̀rá ẹ̀rọ. "Olúwa, mo gbọ́," ló sọ. "Mo ti ń gbọ́ tipẹ́. Apànìyàn ni mí nínú ọkàn mi, òpùrọ́ sì ni mí. Jésù, gbà mí."

Láti ibẹ̀, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá ọkọ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

"Ṣé o mọ ohun tí màá ṣe fún ọ?" ọ̀gá béèrè.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kọ́kọ́ mú ọkùnrin yẹn jáde."

Stroud pàdánù ipò rẹ̀, ó sì jìyà tó gùn ju ti Pruitt lọ. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Amberg nínú yàrá àwọn aláìsàn. Amberg sọ pé, "Kúrò níwájú mi," ó sì kọjú sí ògiri. N kò ní parọ́ fún ọ pé ọkùnrin náà dárí jì í, nítorí n kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn tuntun ló jáde kúrò nínú yàrá náà, ó ń sunkún, àlàáfíà Ọlọ́run sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ kórìíra? Irọ́ wo lo fi bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn fi ń jìyà rẹ̀? Má ṣe sọ pé o kò pààyàn. Ọlọ́run rí ohun tó wà nínú ọkàn rẹ nígbà tí ò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó lè jẹ́ pé ẹni tí o ṣẹ̀ kò ní dárí jì ọ́ láé. Kristi yóò dárí jì ọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ra ìdáríjì náà, kò sì ní kí o kọ́kọ́ dára kí o tó wá. Ó ní kí o wá.

Má dúró de ọjọ́ ìsìn, má dúró de ìgbà tí ara rẹ yóò balẹ̀. Stroud rò pé ààyè wà láti mu kọfí lẹ́ẹ̀mejì. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń wò ọ́. Pe orúkọ Jésù, kí o sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ gan-an fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o tọ ẹni tí o ṣẹ̀ lọ lónìí.