Ìlù Irin Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Oorun ti ń kun Nerissa Quamina kí Olùkọ́ Marchan tó ní kó dìde kàwé. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀ kò sì le rárá: pé òun fẹ́ràn bàbá òun, ìyẹn papá lédè wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló tẹ ohùn mọ́ dípò ìparí rẹ̀, ló bá di papa, pé ọ̀dùnkún ló fẹ́ràn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá a sè é o!" ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ẹ panu mọ́," ni olùkọ́ wí. Ó wo ojú Nerissa tó ti pọ́n bí ata. "Ibi tó o tẹ ohùn sí kọ́ ló yẹ kó o tẹ̀ ẹ́ sí. O sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

"Mo sùn, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Jókòó."

Ó jókòó. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ló fẹ́ ṣèdánwò lé lórí, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sì ni ìdánwò orin. Olúkúlùkù yóò lu ìlù irin níwájú olùdánwò. Ìlù ilé ìwé ni àwọn yòókù fẹ́ lò, ṣùgbọ́n Nerissa ti fẹnu ara rẹ̀ ṣe ìlérí ní àgbàlá ìlù, níbi tí àwọn onílù ti ń dánra wò, pé èyí tí òun fọwọ́ òun ṣe lòun máa lù. Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ìgbà wo ni obìnrin ń gbé òòlù ní Laventille, àdúgbò orí òkè tí wọ́n ń gbé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè sùn dáadáa mọ́.

Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Bàbá bàbá rẹ̀, Elric Quamina, ló ń tún ohùn ìlù ṣe fún ìdajì àwọn ẹgbẹ́ onílù tó wà lórí òkè náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òun àti bàbá àgbà yìí fi lu ìdí dúrọ́ọ̀mù epo títí tó fi jìn wọnú bí igbá. Wọ́n ti fàlà sí ojú ohùn kọ̀ọ̀kan. Ó ku kí wọ́n fi iná yan án, kó tutù, kó sinmi, kí wọ́n tó fi òòlù kékeré wá ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo igi ìdáná ti rin gbingbin.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú bẹ̀rẹ̀, Bàbá Àgbà," ni Nerissa wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bẹ̀rẹ̀ kí ni? Irin tá a ti lù fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú ń bí i. Ó gbọ́dọ̀ yáná, kó tutù fúnra ẹ̀, kó sùn, ká tó ní kó kọrin fún wa."

"Ọjọ́ Ajé mà ni ìdánwò!"

"Bójò ò bá dá, ṣebí ìlù mi àtijọ́ wà níbẹ̀ yẹn."

Nerissa wo ìlù náà lábẹ́ tábìlì. Ó ti tẹ̀ níbi méjì, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí. Ó yímú sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kadisha ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi oògùn mẹ́rin sí i lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń lò ó tó bá fẹ́ kàwé. Mu méjì báyìí, kó o mu méjì lọ́sàn-án. Ojú ẹ á là wáí."

"Kò ní ṣe mí ní nǹkan?"

"Ta ló ṣe rí? Ìwọ náà, o ti ń bẹ̀rù jù."

Ó gbé méjì mì. Lóòótọ́, ojú rẹ̀ là. Nígbà tó délé lọ́sàn-án, ó mu méjì yòókù. Bàbá Àgbà ti lọ sí ìlú San Fernando láti tún ìlù ẹgbẹ́ kan ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ti ní kó dín ìrìn kù. Ìlù tuntun náà jókòó síbẹ̀, kò tíì rí iná.

Nerissa gbé òòlù kékeré. Ó ṣí ìwé físíìsì sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kó lè máa kàwé bó ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ewé tó ṣí náà ló ti mọ̀ sórí. "Irin tí a bá ń lù léraléra á máa le sí i," ló ń kà bó ti ń lù. "Agbára tí a fi lù ú kì í lọ tán, ṣe ló ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Iná ló ń tú u sílẹ̀." Ó kà á láìṣì kan ṣoṣo. Bí olùkọ́ bá bi í léèrè, gbogbo máàkì ni ì bá gbà. Kò wá sí i lọ́kàn pé irin tó wà níwájú rẹ̀ ni ìwé ń bá wí.

Ohùn kìíní jáde, ó dùn. Èkejì ń gbọ̀n díẹ̀, ó fi agbára kún un. Lórí ẹ̀kẹta, ó gbọ́ "kẹ́ẹ̀", bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ti là, ojú ibi tó là náà tín-ín-rín bí irun, ó sì gùn tó ìka.

Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, èémí kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ dìde, ilẹ̀ yí mọ́ ọn lójú.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Bàbá Àgbà bá a nígbà tó ti San Fernando dé. "Nerissa! Olúwa mi! Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo ti bà á jẹ́, Bàbá Àgbà. Ìlù ti là."

"Ta ló béèrè ìlù lọ́wọ́ ẹ?"

Ará ilé kejì ló fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Baptiste, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà títí dórí oògùn, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Nerissa, ó mirí. "Àìsùn, ìdánwò, ìlérí asán, o tún wá da oògùn lé e. Másùnmáwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o, ọmọ yìí. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé." Ó yíjú sí bàbá tó ń làágùn. "Ẹ mú apá tiyín náà wá, bàbá."

"Èmi? Kí ló ṣe mí?"

Ó de ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún wò ó. "Tiyín tilẹ̀ burú ju tọmọ lọ. Ẹ dákun, ta ló ń sinmi nínú ilé yín tí ọmọ yìí ì bá wò kọ́ṣe?"

Bàbá Àgbà ń wo bàtà rẹ̀. Ojú ti Nerissa, ṣùgbọ́n àánú bàbá rẹ̀ àgbà ló ṣe é jù.

Ó sùn ní ọjọ́ Ẹtì, ó sùn ní Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé, ìlù àtijọ́ tó yímú sí ló gbé lọ síwájú olùdánwò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó lù ú dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí èsì dé, kò gba ipò kìíní tó ti ń lépa láti ọdún méjì. Ipò kejì ló gbà, ó sì dùn ún gan-an.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, wọ́n lu dúrọ́ọ̀mù mìíràn. Òòrùn mú dáadáa, igi gbẹ, iná jó. Wọ́n gbé ìlù náà kúrò lórí iná, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Ni Bàbá Àgbà bá na ọwọ́ sí òòlù, ó ní òun fẹ́ tún ìlù ẹgbẹ́ kan ṣe kí tiwọn yìí tó tutù tán.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá Àgbà."

"Díẹ̀ báyìí ni."

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe irin nìkan ló ń sinmi lónìí."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọjú sí ìlù tó là, tí Nerissa ti fi ìṣó kàn mọ́ ògiri. Ó ti yé e wàyí pé ìsinmi wà lára iṣẹ́, àti pé ara tí a kò jẹ́ kó sinmi yóò là níjọ́ tí a fẹ́ kó kọrin. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ àgbà. Àmọ́ nígbà tó yíjú sí i, bàbá ti sùn lọ ní ọ̀sán gangan, ó sì ń hanrun.