Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ṣì Ń Dán Wò

Òkú Oníṣirò kò tíì kúrò nílẹ̀ tí gbogbo ilé iṣẹ́ yìnyín náà ti mọ ẹni tó pa á. Wọ́n ní Gírísì ni. Gírísì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ omi di yìnyín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ náà wà, òun ló sì kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, tó bá ọkùnrin tó ń ṣírò owó ilé iṣẹ́ wọn níbi tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti fi apá wọ́ ọ wọlé. Kí ni wọ́n tún ń wá? Sájẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn kí ẹjọ́ parí kí ọbẹ̀ tó tutù, ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Gírísì lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ wọ ibi tí ẹ̀rọ wà. Gírísì kò bá a jà. Ó kàn ń sunkún bí ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ó tínrín, àti nítorí pé ibi tó bá ti gún, nǹkan á ti ibẹ̀ jáde.

"Ẹjọ́ ti parí, sà," Sájẹ́ǹtì ní. "Lọ́la a ó gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ kàn fọwọ́ sí i ni."

"Mú un lọ sí àgọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má wọlé."

Ó wọlé, ó wá ku òun àti òkú. Oníṣirò jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Bàtà rẹ̀ ṣì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìbòrí irin tó máa ń bo bẹ́líìtì ti kúrò láyè rẹ̀, ó fara ti ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòrí náà, ẹnìkan tẹ́ aṣọ ìnujú funfun sílẹ̀, ó sì to àwọn bóòtù tó de ìbòrí mọ́ ẹ̀rọ lé e lórí, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó tò sórí ìlà. Abẹ́rẹ́ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìnujú náà di àwọn bóòtù, ó sì kó wọn sínú àpò ara rẹ̀.

Ó yọ orí sí ibi tí bẹ́líìtì wà. Ihò róbótó kan wà lára irin níbẹ̀, wáyà méjì sì yọ jáde nínú rẹ̀, ẹnu wọn ń dán bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí gbogbo ara irin náà. Ṣùgbọ́n yípo ihò yẹn, ibì kan wà tó fẹ̀ tó ẹnu ife tí ẹ̀jẹ̀ ò kàn rárá.

"Ẹ máa gbé e lọ," ó pe àwọn tó wá gbé òkú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú lọ ni Alága dé. Alága ni obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n Oníṣirò sì ni, ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n mú Abẹ́rẹ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í mọ̀: àwòrán rẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ògiri. Nínú èyí tó tóbi jù, ó dé akoto òṣìṣẹ́ lórí gèlè, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ yìnyín bí ẹni tó bí i.

Ṣùgbọ́n ẹkún tí ó ń sun kì í ṣe ti àwòrán. Ẹkún tó ti inú egungun wá ni.

"Ìyá wa kú, ó ṣì ń rákò," ó ní. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mo fọ aṣọ fún ará àdúgbò kí n tó rí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ san. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọ̀gá. Mo wà lọ́jà. Ẹ wá wo orí ọmọ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alága. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Mo kọ́ ọ pé kó má gbé nǹkan sílẹ̀ lásán, pé ilẹ̀ kì í ṣe àwo. Kò gbàgbé títí tó fi kú. Ẹ ò rí bó ṣe to àwọn bóòtù yẹn sórí ìnujú rẹ̀, kékeré tẹ̀ lé kékeré…" Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ rọra fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ wá síbí kẹ́yìn?"

"Ọ̀sán àná. Orí ń fọ́ mi, mo tètè lọ sílé."

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Gírísì. Tèmi ti sọnù tipẹ́. Ọ̀gá, ọmọkùnrin yẹn ò níkà nínú, ó kàn ṣe àìbìkítà ni. Ẹ̀rọ yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ṣì ń dán an wò."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Gírísì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ ọlọ́pàá, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Kí lo rí láàárọ̀?"

"Bàtà rẹ̀, sà. Mo rí bàtà rẹ̀ tó yọ síta, mo mọ̀ ọ́n. Mo ké, mo sá jáde. Mi ò lè padà síbẹ̀."

"Lánàá ńkọ́?"

"Alága ní ká pa ẹ̀rọ, nítorí àwọn ará báǹkì ń bọ̀ wá wò ó lónìí. Mo pa á. Oníṣirò ní kí n fi sípánà sílẹ̀ fún òun. Mo ní kí n bá a tú ohun tó bá fẹ́ tú, ó ní kí n máa lọ bá ìyàwó mi."

"Kí ló wà nínú ihò róbótó yẹn?"

Gírísì dorí kodò. "A ṣì ń dán ẹ̀rọ yẹn wò, sà."

"Ihò ni mo bi ọ́, o ń fi ẹ̀rọ dá mi lóhùn."

"Bí wọ́n ṣe ní ká máa wí nìyẹn, sà."

"Ta lo tún ń bẹ̀rù? Inú àhámọ́ lo wà! Ibo ni wọ́n tún fẹ́ lé ẹ lọ?"

Ẹ̀rín kan tí kò dùn bọ́ lẹ́nu Gírísì. "Òótọ́ ni, sà. Mítà ni. Òun ló ń ka iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń lọ sílé."

Abẹ́rẹ́ padà sí ilé iṣẹ́. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ti fọ aṣọ rẹ̀, ó sá a sórí okùn dúdú gígùn kan tó yí ilé kékeré rẹ̀ ká.

"Bàbá, okùn yín mà lágbára o."

"Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ni, ọ̀gá. Èyí tó bá ti já, wọ́n á sọ ọ́ nù, èmi á so ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀."

"Ó pọ̀ tó báyìí? Ẹ̀rọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

Bàbá náà rántí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A ṣì ń dán an wò."

Ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè, ó fẹ́ jáde. Omi ń kán lábẹ́ rẹ̀.

"Kí ló kó?"

"Ìdánwò ni, sà," bàbá náà wí, ó sì ṣí géètì fún ìdánwò náà kó máa lọ síbi tí àwọn oníbàárà ti ń dúró dè é.

"Ta ló wọlé níbí ní ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ?"

"Àlejò kankan ò wọlé, sà."

"Mi ò bi yín nípa àlejò."

Bàbá náà wo ilẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀ lórí okùn. "Níbi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ebi pa mí lọ́jọ́ ogbó."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti dá mi lóhùn."

Ìyàwó Oníṣirò ń fi ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti gbẹ pamọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé. Ó ká ọ̀kan, ó tú u, ó tún un ká, bí ẹni pé ẹni tó ni ín yóò yẹ̀ ẹ́ wò bó bá dé.

"Ìjà wo ló wà láàárín ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Ìjà kọ́, sà. Ọ̀rọ̀ iye ẹ̀rọ yẹn ni. Bàbá ọmọ mi ní iye ẹ̀rọ kì í ṣe owó ọjà nìkan. Owó tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbà, owó ọkọ̀ tó gbé e wá, kọnkéré tó jókòó lé, owó ẹni tó tò ó, epo tí wọ́n fi dán an wò, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ti lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, ó parí. Epo ojoojúmọ́, owó oṣù, àtúnṣe kéékèèké, ìnáwó lásán ni látọjọ́ náà. Ẹ yọ ọ́ nínú èrè."

"Àwọn kò sì yọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ kò tíì parí. Gbogbo owó tó ń jò lọ ni wọ́n ń kó lé e lórí, iye rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lójú ìwé lójoojúmọ́. Ayẹyẹ ìṣílé wà nínú iye ẹ̀rọ. Àwòrán ara ògiri yẹn wà nínú iye ẹ̀rọ." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀ fún un. "Báǹkì fẹ́ yá wọn lówó lórí ẹ̀. Bàbá ọmọ mi ní bí wọn ò bá rí i san, báǹkì á kó gbogbo rẹ̀, òṣìṣẹ́ á tú ká, ojú á ti ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní òun fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni."

Ọ́fíìsì Alága ni Abẹ́rẹ́ kó gbogbo wọn jọ sí: Alága fúnra rẹ̀, ìyàwó Oníṣirò, Sájẹ́ǹtì, àti Gírísì pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ẹ mú apààyàn wọ ọ́fíìsì mi?" Alága béèrè.

"Mi ò mú apààyàn wá, mà. Mo bá a níbí." Abẹ́rẹ́ gbé ìnujú náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó tú u. "Oníṣirò ló tú ìbòrí ẹ̀rọ. Mẹkáníìkì kì í to bóòtù báyìí, inú agolo ló ń jù ú sí. Mítà tó wà lẹ́yìn ìbòrí ló fẹ́ rí, kó lè fi han báǹkì pé iṣẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe láti ìgbà tó ti délé. Ẹnìkan tan ẹ̀rọ lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ ta sára irin, àfi ibi tí mítà bò. Nítorí náà mítà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó kú, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gé e lọ. Kí ni Gírísì fẹ́ fi mítà ṣe? Bí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́, owó oṣù kan náà ló ń gbà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mítà yẹn lè dójú tì."

"Ẹ dákẹ́! Ta ló sọ fún yín pé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ sọ fún mi bí àbúrò yín ṣe to bóòtù sórí ìnujú. Àpò mi ni ìnujú yìí wà kí ẹ tó dé. Gírísì kò rí i, bàtà nìkan ló rí tó fi sá; Sájẹ́ǹtì kò sì wọ ibẹ̀ rárá. Ẹni tó tẹ́ ẹ ti kú. Ó ku èmi, àti ẹni tó dúró tì í lánàá."

Alága wo ìnujú náà. Gbogbo ìgbéraga tó wà lójú rẹ̀ rọ bí aṣọ tí omi wọ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ohun kan jáde tí wọ́n fi gèlè wé. Mítà náà ni, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó ní ó ti sọnù.

"Mo dé etí odò láti sọ ọ́ nù," ó ní. "Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó pè mí pé kí n wá wò ó kí báǹkì tó rí i. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo bọ́ síbi súìṣì. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ á lé e sá."

"Ẹni tó fẹ́ lé ọmọ sá, igbe ló ń ké, Alága. Kì í tan ẹ̀rọ tí ọwọ́ ọmọ wà nínú rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ṣẹ́jú sí Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì sì tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Gírísì. Gírísì ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Kò wo Alága. Ó lọ dúró lẹ́yìn àga ìyàwó Oníṣirò, bí ẹbí ṣe ń dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó Oníṣirò wí. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú. "Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Ó pè mí."

"Kí ló pè yín?"

"Ìyá Kékeré." Alága di etí tábìlì mú. "Bó ṣe ń pè mí nìyẹn nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí a ṣí ilé iṣẹ́ yìí ni mo ní kó jáwọ́, pé kò bá ipò mi mu níwájú òṣìṣẹ́."

"Ẹ wá pa ẹ̀rọ?"

Omi ń bọ́ lójú Alága, kò nù ún.

"Mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn," ó ní. "Mo wò ó bóyá ẹnìkan gbọ́ orúkọ tó pè mí."