Ohùn Kan Ṣoṣo Tó Fi Dán Ẹ̀rọ Wò

Ìjà ló gbé Òǹkàwé wá sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ tí òun àti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà kọ́kọ́ ríra. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì ọmọbìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni," Ẹnjiníà dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Kí ló ṣe é?"

Ohun tó ṣe é kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ ìgbọ́wèé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún àwọn tí kò ríran: èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á sì ka ìwé sí i létí. Òǹkàwé wà lára àwọn tó ń ka ìwé sínú kọ̀ǹpútà fún ilé-ìkàwé àwọn afọ́jú. Irinwó ìwé ló ti wà nílẹ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi fún ohùn inú gbogbo wọn pọ̀ kó lè kéré, kí wọ́n má baà gba àyè. Ọ̀nà náà kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ẹni tó bá wù lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì lò ó. Àmọ́ ẹ̀rọ Ẹnjiníà kò gbọ́ èdè Ọ̀fẹ́ rárá.

"Irinwó ìwé," ni Òǹkàwé wí. "Àbí kí a tún gbogbo wọn kà ni?"

Ìgbà yìí ni Ẹnjiníà gbójú sókè. Ojú ọkùnrin náà le, àmọ́ ohùn rẹ̀ tutù, ó ń wọni lára. Kí n má purọ́ fún yín, ohùn yẹn ló kọ́kọ́ mú un.

"Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Màá kọ́ ẹ̀rọ yìí ní èdè náà."

Bàbá rẹ̀ ló ni ilé-iṣẹ́. Nígbà tó gbọ́, ńṣe ló mi orí. "Ìyá mi, mẹ́mórì ẹ̀rọ yìí kéré, kò láyè fún èdè mìíràn. Kí wọ́n lọ yí ìwé wọn padà sí èyí tí ẹ̀rọ wa gbọ́."

"Ohùn tí wọ́n bá fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì á bàjẹ́, Bàbá. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Mo gbà. Àmọ́ mo lójú, ọmọ mi. Ohùn ọkùnrin yẹn ti ń kó sí ọ lórí. Mi ò fẹ́ kó kó sínú iṣẹ́ mi. Bí ẹ̀rọ náà ò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, bẹ́ẹ̀ la máa gbé e jáde láìsí Ọ̀fẹ́."

Ẹnjiníà gbé iṣẹ́ náà karí. Lọ́jọ́ méjì-méjì ni Òǹkàwé ń mú fáìlì tuntun wá, tí yóò sì fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń kólòlò."

"Ó sàn. Èmi gan-an ò tètè sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi ti ń sunkún."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Òǹkàwé dẹ́kun ẹ̀rín. "Ẹnjiníà mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀, bí kò sọ̀rọ̀."

"Ó máa sọ̀rọ̀," ni èsì tó fún un, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni pé kó fò.

Ọjọ́ pé. Bàbá jókòó, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ilé-ìkàwé, tí òun náà kò ríran, jókòó tì í. Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnnì, ohùn Òǹkàwé sì jáde geere. Ìyá náà mú fáìlì kan jáde nínú báàgì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ èyí tí àbúrò mi kà."

Ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó ha, ó dákẹ́. Wọ́n fi ti ẹlòmíràn sí i, ó tún dákẹ́.

"Ohùn mélòó lo fi dán an wò?" Bàbá béèrè.

Ẹnjiníà gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. "Ọ̀kan."

"Ti ta ni?"

Ojú tì í, àmọ́ kò sá fún ọ̀rọ̀ náà. "Ti Òǹkàwé. Ó ń wù mí láti máa gbọ́ ọ, mo sì gbàgbé pé àwọn mìíràn ń kàwé."

Òǹkàwé dìde. "Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, sà. Ti gbogbo wa ni wọ́n ní kí n kó wá. Tèmi nìkan ni mo ń mú wá."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ bà mí níṣẹ́ jẹ́," Bàbá wí.

Ìyá olórí ní òun lè dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bàbá gbà, àmọ́ ó ní Òǹkàwé ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀.

Ẹnjiníà kó ìwé òǹkàwé mọ́kànlá jọ, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá rí i pé Òǹkàwé ti fún ohùn tirẹ̀ pọ̀ débi pé ó kéré ju ti gbogbo wọn lọ. Àyè tí ti àwọn yòókù ń fẹ́ nínú ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ó yọ gbogbo ohun tó ṣeé yọ nínú mẹ́mórì, kò tó. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, orin kékeré tí ẹ̀rọ ń kọ bí èèyàn bá tàn án. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó lọ bá a. "Bàbá, orin yín ni mo fẹ́ yọ."

Bàbá fa àga kan, ó jókòó. "Ogún ọdún ni mo ti ń fi orin yẹn kí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ wa. Ṣé nítorí ọkùnrin yẹn ni?"

"Rárá, sà. Ti òun, ẹ̀rọ ti ń kà á. Nítorí àwọn yòókù ni."

Bàbá wò ó títí. "Yọ ọ́," ó wí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ohùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde láìkọsẹ̀. Ìyá olórí di ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Bàbá yíjú sí fèrèsé. "Ẹ pe ọkùnrin yẹn wọlé. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn kiri níwájú géètì."

Òǹkàwé wọlé, ó kí wọn.

"Mú àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé," Bàbá wí fún un.

"Ẹ dúró ná," Ẹnjiníà dá sí i. "Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bóyá mo gbà."

"Ó dáa. Ṣé o gbà?"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Òun ni kó bi mí."

Òǹkàwé yíjú sí i, ó bi í, ohùn tó ti ka ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Mo gbà, olólùfẹ́ mi," Ẹnjiníà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú gbogbo wọn.