Ìka Tí Kò Ṣìnà

Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí bó ṣe wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì gbọọrọ, wọ́n nà jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún dúdú, tòsì pupa, àtàǹpàkò kan sì yọjú níbi tí ìbọ̀sẹ̀ ti lu, bí aláǹgbá tó ń wo ojú ọjọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì mi?"

"Èmi ni o," ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Ẹ má tẹ̀ wọ́n, méjì náà ni mo ní. Mo fọwọ́ kan páàdì tí ẹ fi ń gbá géèmù, bọ́tìnnì kan sì fò yọ. Òun ni mò ń wá."

"Ta ló rán yín sí páàdì mi?"

"Ọwọ́ mi ni kò gbọ́ràn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó rákò jáde. Eruku bo orí rẹ̀, ewú ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó gbé bọ́tìnnì náà sókè bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù.

"Ẹ wo ewú lórí yín," ni ọmọbìnrin náà wí. "Báwo ni mo ṣe wá di ẹ̀gbọ́n yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Háà! Ẹ̀yin tí ẹ̀rín ẹnìkan ti gbé ṣubú rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin náà gba bọ́tìnnì rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá géèmù wò kí ilé iṣẹ́ wọn tó gbé e lọ sọ́jà. Ìka-ò-purọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí àrà kan tó máa ń dá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé apá kejì géèmù kan jáde, á kọ́kọ́ gbá apá kìíní títí ìka rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi ìborùn di ojú, á wá gbá apá kejì. Bí ìka rẹ̀ bá la ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọjá láì ṣìnà, ọ̀rọ̀ bùṣe: aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún un, ara àtijọ́ ló wà nínú aṣọ. Àmọ́ bí ìka bá ń táràrà bí àlejò nínú òkùnkùn, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣe nǹkan. Àwọn tó ń ṣe géèmù bẹ̀rù ìborùn yẹn ju bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lọ.

Ọkùnrin abẹ́ tábìlì yìí ló ṣe Atukọ̀, géèmù arúgbó kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá odò. Tọmọdé tàgbà ló fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti wá ní kó ṣe apá kejì. Ìborùn náà ló wá wò, ojú ẹni tó ni ín ló bá pàdé.

Bí ó ṣe di pé lójoojúmọ́ ni nǹkan kan ń gbé e wá sí yàrá náà nìyẹn. Lónìí wáyà, lọ́la ìbéèrè. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, ọmọbìnrin náà sì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ra apá kejì, kí ló ń wá?"

"Ohun tó mọ̀ ni. Bí mo bá yí i padà, wọ́n á bú mi. Bí mi ò bá yí i padà, wọ́n á tún bú mi."

"Kì í ṣe ohun tó mọ̀ ló ń wá. Bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n ni."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ìka mi, ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀?"

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí wáyà mi jàre."

Ọjọ́ yẹn ló sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ẹ̀gbẹ́ òun ló jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń ṣe Atukọ̀ àkọ́kọ́. Ìyàwó náà ló ń gbá a wò, òun ló sọ arúgbó inú rẹ̀ lórúkọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti wọ inú ọmọbìnrin náà, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ṣé èmi ló rí, àbí apá kejì ẹni tó lọ?

Ọjọ́ tí Ẹlẹ́sẹ̀ mú un lọ kí ìyá rẹ̀, ìyá di mọ́ ọn, ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín.

"Ìyàwó mi! Ẹ wo bó ṣe ń rìn! Bí ẹni tó lọ gẹ́lẹ́ ló rí. Ọlọ́run dá a padà fún mi!" Ó fà á lọ sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ibí ló máa ń jókòó sí. Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, Mà."

Tìmùtìmù àga náà ti jin wọlé ní ìwọ̀n ìdí ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó po tíì. Ṣúgà kan. Ṣúgà kejì. Ṣúgà kẹta. Ó rò ó pọ̀, ó gbé e fún ọmọbìnrin tí kì í fi ṣúgà sí tíì. Ó mu ún tán. Ó dùn lọ́fun, ó korò nínú.

Ọmọbìnrin náà lọ rò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu.

"Àbúrò mi, aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ẹlòmíràn lára, mo lè gbà á sínú, mo lè gé e, èjìká rẹ̀ á ṣì máa wá ẹni tó ni ín."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Sọ fún un pé ó há ọ léjìká ni mo wí. Ọkùnrin kì í rí ojú-rán tó wà lẹ́yìn aṣọ."

Kò sọ ọ́. Bí ó bá ti la ẹnu, ẹ̀rù á pa á dé. Ó ń gbá Atukọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ ìdánwò, ó ń kọrin sábẹ́ ohùn:

*Odò ń lọ, odò ò dúró o,*
*Rọra wà á.*
*Ẹni mo fẹ́ ń bẹ lódìkejì,*
*Rọra wà á.*

Ọjọ́ pé. Àwọn ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, Ẹlẹ́sẹ̀ fara ti ògiri, ó ń jẹ èékánná. Ọmọbìnrin náà di ojú. Ó ń gbọ́ tí àwọn ọ̀gá ń yin odò tuntun náà, pé ó ń dán, pé ọkọ̀ ti pọ̀ sí i, pé arúgbó ti dé fìlà tuntun. Òun kò rí fìlà. Ìka rẹ̀ ń lọ. Fà á, dúró, yà fún òkúta, fà á. Ó ń bẹ ìka náà nínú ọkàn rẹ̀: ẹ ṣìnà, ẹ dákun, ẹ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré. Ìka ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ lódìkejì, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó lè purọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó tú ìborùn.

"Eré àtijọ́ ni."

Àwọn ọ̀gá wo ara wọn. Wọ́n fún ọkùnrin náà láyè díẹ̀ sí i. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n jáde, ó wá ku àwọn méjì.

"O ò bá ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀."

"Ti kọ̀rọ̀ náà wà. Tíì tí o pò fún mi nílé ìyá rẹ. Èmi kì í mu ṣúgà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹni tó di ojú lo ṣe pò ó, Ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ kò sì ṣìnà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló mọ ọ̀nà dé."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí mo bá yí odò yẹn padà, kí ló kù tí èmi àti òun jọ ṣe?"

"Apá kìíní kù. Ta ló ní kí o pa á rẹ́? Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè máa gbé inú rẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Gìrìgìrì bàtà á dún lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin náà á yíjú sílẹ̀kùn. Fóònù á dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. "Ó ti wá?" "Rárá." "O jẹun?" "Rárá." Láràárọ̀, kó tó gbé báàgì sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Eruku lásán. Orin pàápàá kọ̀, kò jáde.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé, ẹsẹ̀ méjì nà jáde lábẹ́ tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, ìkejì aláwọ̀ ewé.

"O ò kọ́gbọ́n," ló wí. Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Wáyà ni mò ń so. Di ojú."

Páàdì méjì ló wà lórí tábìlì. Wọ́n jókòó sílẹ̀, èjìká kan èjìká. Ọmọbìnrin náà di ojú, ó fa àjẹ̀ ọkọ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n fà. Ó gbọ́ tí omi ń hó, tí ọkọ̀ ń yí bírí.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ nìkan lo wà á. Arúgbó ò gbé èrò mọ́. Ẹni méjì ló wà nínú ọkọ̀, àjẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí, ìwọ ò rí i. Ohun tí o rí, èmi ò rí i. Wàá bi mí ni."

"Òkúta wà lọ́tùn-ún?"

"Ó wà. Dúró. Ó yá, fà á."

Ó fà á jù. Ọkọ̀ forí sọ òkúta. Ìka tí kì í ṣìnà ń wá ọ̀nà kiri bí adìyẹ tó wọ ilé onílé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́.

Ọkùnrin náà ṣí fláàsì tó gbé wá, ó bu tíì. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí ṣúgà. Ọmọbìnrin náà ń wo ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ náà dúró lókè.

"Mélòó ni?"

"Kò sí."

"Rárá?"

"Rárá rárá."

Ó ti ṣúgà sẹ́yìn. "Màmá ti gbé àga yẹn lọ sí yàrá wọn. Wọ́n sunkún díẹ̀. Wọ́n ní kí n bi ọ́ níbi tí o fẹ́ máa jókòó sí."

"Sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni, ibi yòówù kó jẹ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, ìwọ onítíì-kíkorò?"

"Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ wàá kọ́kọ́ ra ìbọ̀sẹ̀."

Ẹ̀rù inú rẹ̀ kò lọ tán o. Ó kàn sún díẹ̀ ni, kí ayọ̀ lè rí ibi jókòó. Ó tún gbé páàdì, lójú lílà báyìí, orin tó ti kọ̀ sì bọ́ sí i lẹ́nu, ọkùnrin náà ń gbè é:

*Odò ń lọ, odò ò dúró o,*
*Ká jọ wà á.*
*Mi ò tíì mọ̀nà, ìwọ ò mọ̀nà,*
*Ká jọ wà á.*