Virgil Wá Ṣètò Ìrìn Àjò sí Chattanooga

Àárín afárá gan-an ni ọkùnrin kan ń gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ìkùukùu, ó sì ń rọra gbẹ́sẹ̀ bíi pé orí okùn ló ń rìn. Àwọn tó ń sáré ìdárayá ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Ajá kékeré kan tiẹ̀ jókòó kó lè wò ó dáadáa.

Twyla Ledford ń wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá àwọn àlejò ìlú Chattanooga ṣètò. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn fẹ̀ débi pé odindi agbo màlúù lè gba orí rẹ̀ kọjá. Twyla rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó ṣì ń nu imú lọ́wọ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọkùnrin ọ̀hún ló wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè gbà padà sídìí mọ́tò mi?"

"Ibo lẹ gbé e sí?"

"Òdìkejì odò."

"Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Àsìkò yẹn ni Twyla tó rí i pé ojú náà dùn-ún wò. "Àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

"Rárá, mà. Mo ti rí omi tó lónìí."

Virgil Stooksbury ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe katakata ló ń ṣe ní Laurel Gap, abúlé kan lórí òkè, òun náà ló sì ń wa bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ wá lo ọjọ́ kan nílùú nígbà tí ewé igi bá pọ́n, wọ́n sì ní kó wá bá wọn ṣètò. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Miss Ova Nell kò fẹ́ àtẹ̀gùn. Díákónì Estes fẹ́ wo ilé tí wọ́n ti ń sin ẹja fún ìran wíwò.

Twyla ṣètò fún wọn: ilé ẹja láàárọ̀, ẹja díndín àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi.

"Ọkọ̀ ojú omi kẹ̀?" ni Virgil wí.

"Ẹni tó wá sí Chattanooga tí kò wọ ọkọ̀, kí ló wá ṣe?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Virgil padà wá. Ó ní Miss Ova Nell kò jẹ ẹja mọ́. Ní Sátidé kejì, ó ní Díákónì fẹ́ wọ rélùwéè tó ń gun òkè. Nígbà tó tún yọjú, Miss Ova Nell ti tún ń jẹ ẹja. Lọ́jọ́ yẹn ó ti gẹrun, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọn kò tíì já bébà iye owó kúrò lọ́rùn rẹ̀. Twyla bá a já a.

"Virgil, ṣé kò sí fóònù lókè yín ni?"

"Ó wà."

"Kí ló dé tí o kì í pè?"

"Mi ò lè rí ojú ẹ nínú fóònù."

Twyla tó máa ń fèsì kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tán kàn nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́. Ó ti ọ́fíìsì kí àsìkò tó tó, ó mú un lọ jẹ ìpápánu ọ̀gẹ̀dẹ̀ oní wàrà. Kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Virgil ti ń pè é ní oyin mi, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Twyla mú un lọ sílé bàbá rẹ̀. Káputéènì Doyle Ledford ti tu ọkọ̀ ẹrù lórí odò Tennessee títí tó fi fẹ̀yìn tì, etí odò náà ló sì kọ́ ilé sí. Kí wọ́n tó jẹun tán, ó ti mú àlejò lọ sídìí ọkọ̀ kékeré rẹ̀.

"Wọlé, ká lọ dẹ ìwọ̀."

Virgil ti ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ mì. Ó yọ ẹsẹ̀ náà kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé mo lè dúró níbí kí n máa juwọ́ sí yín?"

Káputéènì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ó pe ọmọ rẹ̀ sí pálọ̀.

"Ìyá ẹ náà bẹ̀rù omi. Èmi wà lójú odò, òun wà nílé, títí a fi di àlejò sí ara wa, tó sì kó ẹrù ẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún ọ."

"Dádì, èmi kì í ṣe atukọ̀."

"Ọmọ atukọ̀ ni ẹ́. O ò lè sùn tí o ò bá gbọ́ ìró omi."

Òótọ́ ni, Twyla náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Virgil tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nu abọ́ tó kẹ́yìn gbẹ, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Sátidé dé, kò wá. Òmíràn dé, kò wá. Twyla wo ojú afárá títí tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi yí tábìlì Twyla kọjú sí ògiri.

Nígbà tó yá, ọjọ́ ìrìn àjò pé. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, Virgil sọ̀ kalẹ̀, ó ti rù. Kí Twyla tó lanu, ìyá àgbà kan ti gun gbogbo àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tán, kò sì mí gúlegúle.

"Ṣé ìwọ ni Twyla? Èmi ni Ova Nell."

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, wọ́n ní ẹ ò fẹ́ àtẹ̀gùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ ò dùn mí rí."

"Wọ́n sì ní nígbà kan ẹ ò jẹ ẹja."

"Ọmọ mi, gbogbo ohun tó bá ti hó nínú òróró ni mò ń jẹ."

Àwọn méjèèjì yíjú sí Virgil. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Gbogbo Sátidé ló ń sọ fún wa pé òun ń lọ tún ètò ṣe," ni Miss Ova Nell wí. "Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, kò jẹun mọ́. A ò wá wo ìlú, ìwọ la wá wò."

"Èmi wá wo ẹja o," ni Díákónì Estes ké láti ẹ̀yìn.

Wọ́n wo ẹja, wọ́n sì jẹ ẹja. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, Káputéènì Doyle ti wà nínú ọkọ̀, nítorí òun ló máa ń ròyìn odò fún àwọn àlejò láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Twyla di Virgil lápá mú.

"Dúró dè wá níbí. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ."

Virgil dúró lóòótọ́. Ó rí i tó wọlé. Ó rí wọn tí wọ́n ń tú okùn ọkọ̀. Ó wo okùn, ó wo Twyla, ló bá sáré, ló bá fò. Ó já lu pákó ọkọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì gbá òpó irin kan mọ́ra. Ọkọ̀ gbéra.

Káputéènì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọkùnrin, ojú ẹ ti dà bí ewé tútù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀rù omi ṣì ń bà ọ́?"

"Ó tún pọ̀ sí i, sà."

"Kí lo wá wọlé wá ṣe?"

"Twyla ló wà nínú ẹ̀, sà."

Káputéènì wo odò, ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà káputéènì rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó gbé e síwájú Virgil.

"Bí èébì bá gbé ọ, inú eléyìí ni kí o bì sí. Má ba pákó ọkọ̀ jẹ́."

Omijé lé sójú Twyla. Ó mọ bàbá rẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti gbà.

"Oyin mi," ni Virgil wí, "mo ní ìbéèrè kan. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, àmọ́ mi ò lè fi òpó yìí sílẹ̀."

Twyla jókòó tì í nílẹ̀. "Béèrè é bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wàá fẹ́ mi? Màá wá ilé sétí odò, kí o lè máa gbọ́ omi sùn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jìnnà sí fèrèsé ni màá kàn máa sùn sí."

"Màá fẹ́ ọ, Virgil. Màá sì wà láàárín ìwọ àti fèrèsé."

Ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò lára òpó, ó di ọwọ́ Twyla mú. Ìkejì kò kúrò. Miss Ova Nell kígbe sí àwọn tó wà lókè pé, "Ó ti gbà o!" Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún àtẹ́wọ́, Virgil sì dijú.

Nígbà tó lajú, ọkọ̀ ti dákẹ́. Òṣìṣẹ́ kan dúró tì wọ́n tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ṣé a ti dé ni?" ni Virgil bi í.

"Ó ti pẹ́. Gbogbo èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀."

Virgil wo òpó. Kò mọ ìgbà tó ti jù ú sílẹ̀. Ọwọ́ Twyla ló wà nínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Twyla gbé orí lé e léjìká.

"Ẹ gbá ọ̀hún ná, sà," ni Virgil wí fún òṣìṣẹ́ náà. "A ṣì ń bọ̀."