Òòfà Ẹ̀ẹ̀meje

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo fi òòfà kọjá nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀meje, Bàbá."

Irọ́ funfun báláú! Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Eléyín, ló ń bi mí. Òkúta ni wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún ẹni tí eyín ẹ̀ bá kán. Èmi ni mo máa ń gún òkúta funfun náà nínú odó tánńganran títí á fi kúnná bí ìyẹ̀fun, tí màá fọ̀ ọ́, tí màá sá a. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá fi òòfà rìn nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, kó lè kó ẹ̀rún irin tí ojú ò rí.

"Irin ò láàánú," Bàbá máa ń wí. "Ẹ̀rún kan ṣoṣo tó bá wọ ìléru, àmì dúdú ló máa dà lára eyín."

Eyín màmá mi la sì ń ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eyín iwájú mẹ́rin sì kán. Tíṣà ni wọ́n níléèwé wa. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ti sọ wọ́n ní Tíṣà Fèrèsé. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ ni màmá mi fi ń bo ẹnu kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.

Mo ti fi òòfà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹnu-Abẹ yọrí lójú fèrèsé.

"Ìwọ ìyàwó òkúta! Gbogbo wa ti wà lórí pápá, o ṣì ń fi irin ro ìyẹ̀fun!"

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ta ló ń bá ẹ kà á? Òkúta?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ju òòfà sílẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ò rìn kọjá ìléru. Nígbà tí Bàbá ṣí i, eyín mẹ́ta funfun nigínnigín. Ìkẹrin, èyí tó wà láàárín gan-an, ní àmì dúdú kan. Bí wọ́n ṣe ń fá a ni dúdú náà ń jinlẹ̀ sí i. Òkúta tó bá àwọ̀ eyín màmá mi mu sì ti tán. Omi ti bo ibi tí wọ́n ti ń wà á.

"Ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì," Bàbá sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí ṣe tiẹ̀."

Mo gbọ́.

"Ẹ bá mi fi síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni màmá mi wí. "Ó sàn ju ihò lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kíláàsì wa. Ni ohùn kan bá ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:

"Ẹ bá wa lé e o! Eṣinṣin bà lé eyín tíṣà!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu-Abẹ ni. Ó tún ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kí n bá òun rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ màmá mi padà sẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn gbé òòfà lé mi lọ́wọ́: "Eyín tó ti wọná ò ṣeé gún mọ́. Láti òní, máa kà á sókè kí n máa gbọ́."

Ó pọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń kà á sókè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ẹni tó ní kó o fiṣẹ́ sílẹ̀ ò ní bá ẹ gbé ìtìjú ẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ti kọ́ ọgbọ́n tèmi, ṣùgbọ́n màmá mi ló san án. Ọwọ́ wọn ṣì wà lẹ́nu títí dòní.